Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Kí lojú ọmọ ogun ń rí láyé ìbọn ṣakabùlà?

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá a gbé ìtàn balógun méjì, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, jáde, látìgbà yẹn ni lẹ́tà ò ti jẹ́ ká gbádùn mọ́. Ohun tó wá dùn mọ́ mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò béèrè ọ̀rọ̀ balógun. Ọmọ ogun lásán lẹ̀ ń béèrè, ẹni tí akéwì ò kì, tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ síbì kankan, tó ṣáà gbé ìbọn kọ́ èjìká tẹ̀ lé ọ̀gá ẹ̀ jáde nílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀ jàre. Mo mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àtàwọn ọmọ mi ń wo fíìmù ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, la bá rí i táwọn sójà tò lọ gbọọrọ, èjìká kan èjìká, wọ́n ń rìn lọ bá àwọn tó ń yìnbọn sí wọn. Àbíkẹ́yìn mi ní "Dádì, ṣé orí àwọn yìí pé ṣá?" Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. (Òǹkàwé láti Ṣágámù)

Ẹ sọ fún un pé orí wọn pé, ìbọn wọn ni kò pé. Ìbọn tí sójà ń lò níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, irú èyí tí wọ́n fi jà ní Waterloo lọ́dún 1815, inú ẹ̀ dán bọ̀rọ́, ọta ò sì há sínú ẹ̀ dáadáa, tó bá ti jáde báyìí ibi tó wù ú ló ń lọ. Tẹ́ni téèyàn fẹ́ yìn bá ti jìnnà tó ọgọ́rùn-ún yáàdì, kó yáa máa gbàdúrà ni. Ọ̀nà kan tó wà ni pé kí ọ̀pọ̀ èèyàn tò pọ̀, kí wọ́n sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló máa ń dà bí òjò, tí òjò bá sì ti ń rọ̀ kò sóhun tó kàn án bóyá ó fojú sun ẹnì kan tàbí kò fojú sùn ún. Èyí tí wọn kì í sọ nínú fíìmù ni pé ìlà yẹn tún ń jẹ́ kí ọ̀gágun rí ibi tí àwọn èèyàn ẹ̀ wà nínú èéfín, ó sì ń jẹ́ kó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rọra yọ́ sá lọ torí ẹni tó wà lọ́tùn-ún ẹ àtẹni tó wà lósì ẹ, ará àdúgbò ẹ ni, wọ́n á sọ nílé.

Àmọ́ nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà yẹn máa fi bẹ́ sílẹ̀, 1861 sí 1865, ìbọn ti yí padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Springfield ní ìlà tó lọ́ yípo nínú, ìyẹn ló ń mú kí ọta máa pòòyì lọ tààrà, ó sì lè ba èèyàn ní ọọ́dúnrún yáàdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀gágun ò tètè yí ọ̀nà ìjà wọn padà, àwọn mẹ̀kúnnù ló sì jìyà ẹ̀. Ní Fredericksburg, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1862, àwọn ọmọ ogun Gúúsù fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri òkúta kan nísàlẹ̀ òkè, àwọn ti Àríwá sì ń tò lọ bá wọn lórí pápá gbalasa, ẹgbẹ́ kan á lọ, á ṣubú, òmíràn á tún lọ. Nígbà tí ìjà yẹn fi parí, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ àtàwọn tí wọ́n wá tì lọ́dọ̀ àwọn ti Àríwá ju 12,000 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sójà gan-an ń ṣe nínú ìlà yẹn, torí èèyàn á rò pé ìbọn yíyìn niṣẹ́ ẹ̀. Rárá o. Ìbọn kíkì niṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀tù àti ọta wà nínú bébà kékeré kan, ogójì irú ẹ̀ ló wà nínú àpò tó dè mọ́ ìdí. Á fi eyín fa bébà ya (ẹni tí ò léyín iwájú, wọn kì í gbà á síṣẹ́ sójà), á da ẹ̀tù sínú ojú ìbọn, á ti ọta tẹ̀ lé e, á fa ọ̀pá irin yọ, á fi gún un wọlẹ̀, á dá ọ̀pá padà sáyè ẹ̀, á wá fi fìlà bàbà kékeré tó ń ṣáná sórí ihò ìdí ìbọn, kó tó wá gbé e sókè. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n pín in sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá já fáfá lè yìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó wà ní òòró o, torí kò ṣeé kì dáadáa téèyàn bá dùbúlẹ̀, ẹ̀tù á ti dúdú lẹ́nu ẹ̀, ẹ̀tù yẹn níyọ̀ nínú, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ bíi kó kú, àwọn èèyàn á máa ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, èéfín ti bo ojú pátápátá débi pé ẹsẹ̀ àwọn ọ̀tá nìkan ló máa ń rí nísàlẹ̀ èéfín nígbà míì, bó bá tiẹ̀ rí nǹkan kan.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lẹ́yìn ìjà Gettysburg lóṣù Keje ọdún 1863, wọ́n ṣa ìbọn tó wà nílẹ̀, ó lé ní 27,000. Nǹkan bíi 24,000 nínú ẹ̀ ni ọta ṣì wà nínú ẹ̀. Nǹkan bí ìdajì èyí tó ní ọta ló ní ọta méjì lórí ara wọn, àwọn míì ní mẹ́ta títí dé mẹ́wàá, wọ́n sì rí ẹyọ kan tí ọta mẹ́tàlélógún wà nínú ẹ̀. Ẹni tó gbé ìbọn yẹn ń kì í, ó ń fà á, kò dún, kò sì mọ̀ pé kò dún, torí ariwo ìbọn àwọn tó kù ti di í létí, ó tún ń kì í. Èmi ò tíì rí nǹkan míì tó ṣàlàyé bí ojú ogun ṣe ń rí lára ẹni tó wà níbẹ̀ tó ìbọn ọlọ́ta mẹ́tàlélógún yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n máa ń sọ nílé wa pé bàbá ńlá wa wà ní Kírìjì. Kí ni wọ́n ń fi gbogbo ọdún yẹn ṣe? Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà ni? (Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà)

Ó tì o. Ká ní ojoojúmọ́ ni, kò ní sẹ́ni tó máa kù tó máa bí bàbá yín.

Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886 nígbà tí àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì láti là wọ́n níjà, síbẹ̀ wọn ò tú ká tán títí di 1893. Ìbàdàn wà nítòsí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, wà nítòsí Ìmẹ̀sí, òkè àti àfonífojì ló wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tó lè lé èkejì kúrò. Nígbà tí ogun ti pẹ́ tó báyẹn, ibùdó ti di ìlú nìyẹn. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin ń nájà, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà fúnra ẹ̀, ibùdó ló kú sí ní 1885, kò fojú kan Ìbàdàn mọ́.

Ọmọ ogun lásán, tó bá jí láàárọ̀, oko ló lè máa lọ. Tó bá di ọjọ́ ìjà, ọ̀gá ẹ̀ á pè é. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ni, ọ̀pá ẹ̀ gùn, akọ òkúta ló ń ṣáná sí i, ọta ẹ̀ jẹ́ irin táwọn alágbẹ̀dẹ rọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé e sí èjìká fojú wọ̀n ọ́n, wọ́n á nà án jìnnà sára tàbí kí wọ́n mú un mọ́ ìbàdí, torí ẹ̀tù burúkú pọ̀, ìbọn sì lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lójú. Àwọn oyìnbó tó rí i rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn èèyàn wa ò mọ ìbọn yìn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í tò lórí ìlà bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ kan á sáré síwájú, á yìn ín, á sì padà sẹ́yìn lọ ki ìbọn, ẹgbẹ́ míì á bọ́ síwájú rọ́pò wọn. Ó jọ bíi pé wọ́n ń sá, wọn ò sá, ìbọn tó ń pẹ́ kì ló fà á, bó ṣe jẹ́ pé ìbọn tó ń pẹ́ kì náà ló mú kí tọ̀hún tò lórí ìlà. Tí òjò bá wá rọ̀, ẹ̀tù á tutù, kálukú á wọlé lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ ìgbà ogun.

Ohun tó pọ́n wọn lójú jù kì í ṣe ọta nígbà gbogbo. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ẹ̀tù ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni iyọ̀ ń gbà. Èèyàn á wà ní ibùdó kò ní rí iyọ̀ sọ́bẹ̀, ẹ rò ó wò ná.

Ẹ má sì jẹ́ kí n gbàgbé: ibi tí ọmọ ogun ti ń kú jù kì í ṣe ibi tó ti dúró jà, ibi tó ti yíjú padà ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní Ìkìrun, àwọn tó ń sá sì já sínú odò Ọ̀tìn tó kún, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ogun Jálumi nìyẹn. Odò ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má fi oyìnbó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ o. Àwọn bàbá wa ní ayẹta, ìbọn ò ràn wọ́n. Kí lẹ rí sí i? (Ọmọ Ọdẹ, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ Ọdẹ, mo gbọ́ o, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo wọn ló gbé nǹkan sára lọ sógun, òǹdè, ìgbàdí, ẹ̀wù tí wọ́n so ìṣọ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ohun tí mo rí sí i ni pé ayé ṣakabùlà àti ayé ayẹta bá ara wọn mu dáadáa. Ìbọn tí wọ́n ń yìn láti ìbàdí, tí ẹ̀tù ẹ̀ ò lágbára, tí ọta ẹ̀ ò lọ tààrà, ìgbà mélòó ló máa ba èèyàn? Ọkùnrin kan lè jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó padà wálé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ta ló máa sọ fún un pé kì í ṣe oògùn ẹ̀ ló ṣiṣẹ́? Ọkàn ẹ̀ sì balẹ̀, ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ kì í tètè sá, èmi ò sì ní fojú kéré ìyẹn láé, àwọn sójà Amẹ́ríkà náà ki Bíbélì kékeré bọ àpò àyà.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé ni nǹkan yí padà. Èyí, ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kò nílò ọ̀pá tí wọ́n ń fi gún un, ó ń dún léraléra, ó sì ń lọ jìnnà. Àwọn tó ti Èkó wá, tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò, ló ń yìn ín. Ó ba Ìbàdàn lẹ́rù gan-an. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ti máa ń dúró fi ọkàn balẹ̀ ki ìbọn tẹ́lẹ̀, ọta ti ń dé ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ní dídún àwọn ìbọn ńlá náà ló fún ogun yẹn lórúkọ, kí-rì-jì, kí-rì-jì. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún 1892 tí Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra fúnra ẹ̀, wọ Ìmàgbọ̀n nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn Ìjẹ̀bú ní oògùn, wọ́n pọ̀, wọ́n sì láyà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé obìnrin ni Dàhọ́mì kó wá bá Abẹ́òkúta jà. Ọkọ mi ní ìtàn lásán ni. Ẹ bá wa parí ìjà yìí. (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún bàbá wọn pé kó wá nǹkan fi tọrọ àforíjì. Òótọ́ ni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851 ni ogun Ọba Ghezo dé ara odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin sì wà níwájú. Ìtàn tí àwọn míṣọ́nnárì ìgbà yẹn kọ sílẹ̀ ni pé àwọn Ẹ̀gbá ò kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin ni, ìgbà tí wọ́n dé ara òkú àtàwọn tí wọ́n mú ni wọ́n tó rí i, ni inú bá bí wọn, ìtìjú pé obìnrin ló ń gun odi wọn ló sì mú kí wọ́n túbọ̀ gbóná. Wọ́n tún wá ní 1864 lábẹ́ Ọba Glele, wọ́n tún lé wọn.

Agojie ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Sójà tó fi ogun ṣe iṣẹ́ ni wọ́n, èyí ni kò jọ tàwọn Ẹ̀gbá tó jẹ́ pé àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló gbé ìbọn. Wọ́n ń fi ẹ̀gún ọ̀gàn kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gun odi, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán gun òkìtì ẹ̀gún, ẹni tó bá ké, ojú ti í nìyẹn. Ìbọn akọ òkúta náà lọ́wọ́ wọn, àti àdá. Nígbà tí wọ́n wá pàdé Faransé ní 1890 àti 1892 lábẹ́ Ọba Béhanzin, ìbọn Lebel ló wà lọ́wọ́ àwọn Faransé, ọta mẹ́jọ wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀tù ẹ̀ ò sì lééfín. Ẹ ò mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn sójà Faransé tó padà sílé jẹ́rìí sí i pé àwọn obìnrin yẹn ò bẹ̀rù, ṣùgbọ́n àìbẹ̀rù ò lè yára ju Lebel.

Ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá kankan ṣe sójà nínú ogun àwọn oyìnbó nígbà yẹn? Mo ń béèrè torí àwọn ọmọ mi tí a bí síbí. (Òǹkàwé ní Peckham, London)

Wọ́n ṣe é dáadáa. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, Freetown ni wọ́n ń já wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà wọ́n sínú West India Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kó dúdú sí, nígbà míì kó tó di pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Ní oṣù Kẹfà 1837, àwọn kan nínú wọn dìtẹ̀ ní Trinidad, erékùṣù kan lọ́hùn-ún òkun, Yorùbá wà lára wọn, èrò wọn ni pé kí wọ́n rìn padà sílé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn aṣáájú wọn.

Èyí tó máa dùn mọ́ àwọn ọmọ yín jù ni ti Cândido da Fonseca Galvão. Lençóis ní Bahia ni wọ́n ti bí i, ọmọ Áfíríkà tó gba ara ẹ̀ lóko ẹrú ni bàbá ẹ̀, ó sì ń sọ fáyé pé ọmọ-ọmọ Aláàfin Abíọ́dún lòun. Lọ́dún 1865 ó fúnra ẹ̀ lọ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ogun tí Bràsíl ń bá Paraguay jà, nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú tí wọ́n ń pè ní Zuavos, ìdí rọ́bótó sókòtò wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Ó ṣèṣe lọ́wọ́, wọ́n dá a padà. Ó wá lọ ń gbé Rio, ó ń jẹ́ Dom Obá Kejì, á wọ aṣọ sójà ẹ̀ lọ sí ààfin Pedro Kejì, ọba Bràsíl, lọ́jọ́ tí ọba bá ń gbàlejò gbogbo ènìyàn, á máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti àwọ̀. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn dúdú àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó kú ní 1890.

Ní ti Amẹ́ríkà, mo mọ ọmọ Borno kan, Nicholas Said, tó jà nínú ogun abẹ́lé yẹn nínú 55th Massachusetts, ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú ti Àríwá. Kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ará ilé wa ni.

Ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn? (Kò kọ orúkọ)

Tiwa, rárá. Ìkógun ni owó, ìkógun yẹn èèyàn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọ̀gá á sì mú nínú ohun tí ọmọ ogun bá mú. Ọ̀gá náà ló ń fún un ní ẹ̀tù, ẹ̀tù yẹn sì lè jẹ́ àwìn: àwìn ẹ̀tù àti ọta wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn kí wọ́n tó pa á ní 1874.

Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 13 lóṣù ni sójà aláwọ̀ funfun ń gbà. Dúdú ń gba 10, wọ́n á sì yọ 3 nínú ẹ̀ fún aṣọ, ó ku 7. Àwọn ọmọ 54th Massachusetts, ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú míì, kọ owó náà, wọ́n ń jà lọ́fẹ̀ẹ́ títí ìjọba fi ṣàtúnṣe sí i ní oṣù Kẹfà 1864. Nǹkan bíi 620,000 èèyàn ló kú nínú ogun yẹn lápapọ̀, nínú ẹni mẹ́ta tó kú, bíi méjì ni ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti àwọn àìsàn míì pa, wọn ò rí ọta.